Màlúù Kò Mọ Pèrègún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọ̀rọ̀ màlúù bá délẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lóde òní, ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni a sábà máa ń gbọ́ nídìí rẹ̀: ẹnu àgbẹ̀ tí ẹran jẹ oko rẹ̀, tàbí ẹnu darandaran tí wọ́n pa ẹran rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn jẹ́ olùpẹ̀jọ́ lánàá, kí ó sì di olùjẹ́jọ́ lónìí lórí ọ̀ràn kan náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún bàbá àgbẹ̀ kan ní abà kan lẹ́yìn ìlú Modákẹ́kẹ́, ẹni tí ó fi bí ọdún mẹ́wàá sọ̀rọ̀ sí màlúù ẹlòmíràn kí òun náà tó di ẹni tí ó ni màlúù.

Oko bàbá yìí kò tóbi. Kò ju éékà mẹ́ta lọ. Kòkó tí bàbá tó bí i gbìn wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà lókè, iṣu bí igba ebè sì wà láàrin wọn. Pèrègún ni wọ́n fi pààlà láàrin oko rẹ̀ àti oko ìyá opó kan tí ó ń gbin ẹ̀gẹ́ tí ó fi ń ṣe gàrí. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń roko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí ọkọ́ ẹnikẹ́ni tí ó kọjá pèrègún náà.

Ní Modákẹ́kẹ́, ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀rọ̀ ààlà ṣeré. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé láti inú igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tí ó tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ńlá kan ni orúkọ ìlú náà ti wá, nítòsí ibi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀dó sí ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìlú tí àwọn tí kò rílé gbé tẹ̀dó ni. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó parí ogun Kírìjì ní ọdún 1886, ọ̀rọ̀ ibi tí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ yóò kó lọ wà nínú ìwé náà. Ní 1909, ìlú tú, àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n sí Òde-Òmu, Gbọ̀ngán àti àwọn ìlú mìíràn. Bí ọdún 1922 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ lórí oko kòkó tún dá awuyewuye sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Ìjà wáyé láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1981 àti 1983, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 kò sì rọlẹ̀ títí di ọdún 2000. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó lọ sí i, ní ìhà méjèèjì. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ìlú náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdí ebè kan lè parí sí ojú títì, kí ilé sì máa jó.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ màlúù fi ń ká bàbá yìí lára ju bí ó ti ń ká ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí koríko gbẹ ní òkè Ọya, agbo màlúù a máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí omi àti ewé tútù kù sí. Màlúù tí ó bá wọ oko ẹ̀gẹ́ lóru kì í jẹ ewé nìkan. Yóò tẹ ebè fọ́, yóò fa ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó tu, èyí tí kò fà tu yóò sì ṣẹ́ ní ọrùn, kí ó tó di pé oòrùn là. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá náà. Ó ti fi ẹjọ́ sun baálẹ̀, ó ti bá àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn lọ bá àwọn ìjòyè, ó sì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè tí ó bàjẹ́, tí ó ń ka iye rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń fi parí ẹjọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo: "Ẹni tí kò bá lè so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó má ṣe sin ín."

Ó wá ku oṣù mẹ́ta kí Iléyá ọdún kan dé. Ẹgbẹ́ tí bàbá náà wà nínú rẹ̀ ní Akárábátà ṣe ìpàdé. Ẹni méje ni ó fẹ́ da owó pọ̀ láti ra màlúù kan, nítorí ẹni méje ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà láàyè kí wọ́n pa màlúù kan pọ̀ fún ọdún. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ kì í tó ẹran mọ́. Ẹnìkan wá mú àbá wá: kí wọ́n ra ẹgbọrọ akọ màlúù nísinsìnyí tí owó rẹ̀ ṣì rọ̀, kí bàbá tí ó ní oko àti koríko máa bọ́ ọ títí ọdún yóò fi dé. Inú bàbá náà dùn sí i. Ó ti sin ewúrẹ́, ó ti sin àgùntàn, ó ti sin adìẹ. Kí ni ó tún kù nínú ẹran?

Wọ́n lọ sí ọjà màlúù Akínyẹlé ní Ìbàdàn. Wọ́n rí funfun, wọ́n rí aláwọ̀ eérú, wọ́n sì rí pupa. Owó ọ̀kan nínú àwọn pupa dínkù díẹ̀ sí ti àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń dán, ìwo rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ọkùnrin tí ó ta á fún wọn sọ̀rọ̀ kan nígbà tí ó ń gba owó: "Ẹ má dá a so o. Eléyìí kò mọ̀ ọ́n dá wà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Màlúù kì í ṣe irú kan náà, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Èyí tí ó funfun tí ìwo rẹ̀ gùn, tí àwọn Haúsá ń pè ní Búnájì, ni ó pọ̀ jù lọ lójú ọ̀nà wa. Gùdálì ti Ṣókótó ga, ara rẹ̀ sì máa ń balẹ̀. Èyí tí ó pupa, tí wọ́n ń pè ní Ràhájì, tí àwọn Bọ̀rọ̀rọ̀ ń dà, máa ń tètè fòyà, kì í sì í fẹ́ràn àjèjì. Lẹ́yìn ẹni tí ó mọ̀ ni ó máa ń rìn. Bí ó bá wà láàrin àwọn tí kò mọ̀, ẹhànnà ni.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní màlúù tirẹ̀ láyé àtijọ́. Kúkúrú ni, kò ní iké lẹ́yìn, Mùtúrù ni àwọn Haúsá ń pè é. Inú igbó ni ó ti máa ń jẹ̀ kiri láìsí ẹni tí ó ń dà á, débi pé púpọ̀ nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹran igbó. Òun ni ó lè gbé nínú igbó wa, nítorí eṣinṣin tsetse tí ń gbé àìsàn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ kò tètè pa á. Àwọn màlúù oníké tí ó ti òkè wá kò lè fara da eṣinṣin náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kòkòrò kékeré yìí ni ó ń ṣọ́ ẹnubodè láàrin agbo màlúù àti oko kòkó. Nígbà tí a gé igbó, tí oko pọ̀, tí oògùn ẹran sì dé, ẹnubodè ṣí. Kò sì sí ẹni tí ó mọ ọgbà rọ́pò igbó tí a gé.

Ọkọ̀ akẹ́rù gbé ẹgbọrọ pupa náà dé abà ní òru. Bàbá náà so ó mọ́ ìdí igi ọsàn lẹ́yìn ahéré, ó sì jẹ́ kí okùn kúrú kí ẹran má baà rìn jìnnà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọdé abà ti pé yí i ká. Ajá ń gbó. Ọmọ kan ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù ú. Ẹnìkan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá pẹ̀lú agbòòrùn tí ó ṣí sílẹ̀, ẹran náà sì ta á nípàá, díẹ̀ ni kò fi bà á ní itan. Bàbá náà mú pàṣán. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí ẹran náà bá rí ẹni tí ó ń bọ̀, yóò yí ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò tẹ orí ba, yóò máa fi pátákò walẹ̀, èémí rẹ̀ yóò sì máa dún bíi ti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ní agídí ni. Wọ́n ní ó ya ewèlè.

Ohun tí wọ́n pè ní agídí yìí, ìbẹ̀rù ni. Ojú màlúù wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kì í ṣe iwájú bíi ti ènìyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí orí, àyàfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i, òjijì ni ó yọ sí i. Kò mọ bí nǹkan ṣe jìn tó dáadáa. Òjìji lórí ilẹ̀ lè dà bí ihò lójú rẹ̀, aṣọ tí ó ń fẹ́ lórí okùn sì lè dà bí ẹranko. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé màlúù kọ̀ọ̀kan ní àyè kan tí ó fi yí ara rẹ̀ ká. Bí ènìyàn bá dúró sí ìta àyè náà, ẹran a máa wò ó. Bí ó bá wọ inú rẹ̀, ẹran yóò sún. Bí kò bá sì rí ibi tí yóò sún sí, yóò kọjú ìjà. Ti ẹran tí ọwọ́ ènìyàn ti mọ́ lára kò ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ti ẹhànnà lè tó ìwọ̀n pápá. Okùn kúkúrú tí bàbá so mọ́ ẹran náà lọ́rùn kò jẹ́ kí ó sún síbì kankan. Ìjà nìkan ni ó kù tí ó lè ṣe.

Ohun kejì tí wọn kò mọ̀ ni pé màlúù kì í ṣe ẹran àdáwà. Nínú agbo ni a bí i sí, ara ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì máa ń fi orí rọ̀ sí bí ẹ̀rù bá bà á. Bí a bá yọ ọ̀kan ṣoṣo kúrò láàrin agbo, tí a sì so ó mọ́ ibi àjèjì, yóò máa wá ọ̀nà àtipadà ní gbogbo ìgbà. Èyí ni ọkùnrin ará Akínyẹlé fi gbólóhùn kan sọ, tí ẹni méje sì fi rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òjò ńlá rọ̀, ààrá sán, okùn já.

Ìgbà tí bàbá náà dé ìdí igi ọsàn ní òwúrọ̀, òkúta okùn nìkan ni ó bá. Ipasẹ̀ hàn gbangba nínú ẹrẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ahéré, ó gba àárín iṣu, ó sì kọjá láàrin pèrègún méjì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Pèrègún jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ọmọ ènìyàn. Bàbá sọ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ọmọ-ọmọ, pé ibí ni tiwa dé. Ṣùgbọ́n màlúù kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín.

Ìyá opó náà ti dúró sí ojú oko rẹ̀ nígbà tí bàbá dé. Ó ń wo ẹ̀gẹ́ tí ó dà wó sílẹ̀, èyí tí ó fẹ́ẹ́ wú láti fi san owó ilé ìwé ọmọ. Ẹran pupa náà wà ní òpin oko, ó gbé orí sókè, ó ń wò wọ́n. Ìyá náà kò tíì mọ ẹni tí ó ni ín.

"Bàbá, ẹ ò rí i bí? Wọ́n tún ti dé," ni ó wí. "Ẹ bá mi pe àwọn ènìyàn yín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tí kò bá lè so ẹran rẹ̀, kí ó má sin ín?"

Ó pẹ́ kí bàbá tó fèsì. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jáde tán. "Ẹ má bínú. Tèmi ni."

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ síwájú, ariwo ti dé abà. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ti ń bọ̀, méjì mú àdá, ọ̀kan gbé ìbọn ìṣọdẹ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn náà kò mọ̀ pé ti ará ilé ni. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé màlúù ti wọ oko ìyá, ìyẹn sì tó. Ẹran náà rí wọn, ó ké, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ sá. Bàbá pariwo pé kí ó má sáré, kí ó má sì kẹ̀yìn sí i, kí ó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí igi kòkó. Bí wọ́n ṣe gba ara wọn sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ó gbé ìbọn ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yìn ín. Bàbá náà kọ̀. Kì í ṣe owó ẹni méje nìkan ni ó rò. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ìró ìbọn kì í ti inú oko dún mọ́ ní àgbègbè náà ní ọ̀sán gangan. Bí ó bá dún, ta ni yóò kọ́kọ́ sáré wọ ilé kó ọmọ? Ta ni yóò béèrè pé kí ni wọ́n yìn kí ó tó gbé tirẹ̀? Gáà àwọn darandaran wà ní nǹkan bí ìrìn wákàtí kan sí abà náà. Bí àwọn yẹn bá gbọ́ pé wọ́n ń yìnbọn lu màlúù ní abà, wọn kò ní dúró béèrè ẹni tí ó ni ín. Modákẹ́kẹ́ ti mọ̀ tipẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń ti ẹnu ọ̀nà kan wọ ìlú. Bàbá náà gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ náà, ó yọ ọta inú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ pe ọkùnrin kan wá ní gáà.

Ọkùnrin tí wọ́n lọ pè yìí ni bàbá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní ọdún méjì sẹ́yìn. Kò gbà nígbà náà pé ẹran òun ni ó jẹ oko náà, bàbá kò sì gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, wọn kì í kí ara wọn.

Ó dé lẹ́yìn ọ̀sán. Kò mú okùn wá, kò mú ajá wá. Abo màlúù àgbà mẹ́ta ni ó ń dà bọ̀, ó sì rọra rìn bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ kan ṣe. Ó kí ìyá opó, ó kí bàbá, ó ní kí gbogbo àwọn tí ó pé jọ jókòó sílẹ̀, kí wọ́n dákẹ́. Ó mú àwọn màlúù rẹ̀ gba ẹ̀bá igbó, kò mú wọn wọ inú ẹ̀gẹ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa jẹ koríko ní ibi tí ẹran pupa yóò ti rí wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò wo ẹran náà lójú rárá. Bí ó bá fẹ́ kí ó sún síwájú, yóò rọra bọ́ sí apá ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá fẹ́ kí ó dúró, yóò padà sí iwájú èjìká. Ìgbésẹ̀ méjì, yóò dúró. Ìgbésẹ̀ kan, yóò dúró. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ́ni ní ilé ìwé gíga ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún méje ti ń kọ́ ọ lẹ́yìn agbo ní gáà.

Kò tó wákàtí kan. Ẹran pupa náà gbóòórùn, ó rìn wá, ó fi imú kan ìhà abo màlúù kan, orí rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà yí padà tí ó ń lọ, màlúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n gba ojú ọ̀nà, wọn kò tẹ ebè kan mọ́.

"Ẹ̀rù ló ń bà á, Bàbá," ni ọkùnrin náà wí nígbà tí wọ́n dé ìdí igi ọsàn. "Òun nìkan ló wà."

Ó fi ọ̀kan nínú àwọn abo màlúù rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá títí di ọjọ́ Iléyá, kí ó máa bá ẹgbọrọ náà gbé. Kò gba owó. Ohun tí ó béèrè ni pé kí bàbá má ṣe so ó ní okùn kúkúrú.

Ṣùgbọ́n oko ìyá opó ṣì wà nílẹ̀. Baálẹ̀ abà àti àgbà méjì wá ka ohun tí ó bàjẹ́. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ebè tí ẹran fà tu nìkan. Ìyá opó dá a dúró. Kò pariwo. "Bàbá, lọ́dún tí ẹran jẹ tiyín, èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ kọ́kọ́ kà." Bàbá náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ poro, ó sì ka gbogbo rẹ̀, èyí tí ó tu àti èyí tí wọ́n tẹ̀, títí ó fi pé mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó san án. Nínú ẹni méje tí ó ni màlúù, ẹni mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ sọ pé kò kan àwọn, pé bàbá ni ó so ó. Àwọn náà padà dá owó tiwọn lẹ́yìn ìpàdé méjì.

Òfin kò ṣàìsí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Àsàbà, wọ́n sì fẹnu kò pé dída màlúù kiri ní gbangba gbọ́dọ̀ dópin ní ìpínlẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Èkó ní oṣù Keje, wọ́n fi ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ṣe gbèdéke. Èkìtì ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2016, Ọ̀yọ́ ní 2019. Òǹdó, Èkó àti Ọ̀ṣun ṣe tiwọn ní 2021. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìgbìmọ̀ kan tún wà tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa parí aáwọ̀ láàrin àwọn darandaran àti àgbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé gbè wá ṣe òfin dída ẹran tirẹ̀ ní 2018. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ìjọba tí yóò máa bójú tó ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn òfin wọ̀nyí dára, ẹni tí ẹran ti jẹ oko rẹ̀ rí kò ní sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kà wọ́n bí ẹni pé orúkọ ẹ̀yà kan ni a kọ sínú wọn. Màlúù tí ó já okùn ní Modákẹ́kẹ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni ó ni ín. Ẹ̀gẹ́ tí ó jẹ kò yàtọ̀ sí ẹ̀gẹ́ tí ti darandaran ń jẹ, omijé ìyá opó kò sì dínkù nítorí pé aládùúgbò ni ó fà á. Bí òfin bá jẹ́ ti ẹran, yóò mú gbogbo ẹni tí ó ní ẹran. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yà, ìjà ni yóò bí, ìlú tí ó ti tú rí kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìjà.

Òfin tí ó ní kí a má da ẹran kiri sì gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: kí ni ẹran tí ó dúró sójú kan yóò jẹ? Màlúù tí ó wúwo tó kílò 300 lè jẹ koríko tútù tó kílò 30 lóòjọ́. Èyí kì í ṣe koríko tí ọmọdé kan yóò lọ já lẹ́yìn ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹran méjì péré ní láti gbin eésún, kí ó sì máa gé e.

Ohun kan tún wà tí bàbá yìí rí nígbà tí ó ń wá oúnjẹ fún màlúù méjì. Ní ibi tí ìyá opó àti àwọn obìnrin yòókù ti ń ṣe gàrí, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ga bí ahéré, ó ń jẹrà, òórùn rẹ̀ sì ń dààmú àdúgbò. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń pè ní ILRI ti fi hàn pé bí a bá rin irú èèpo bẹ́ẹ̀, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì sá a gbẹ, ó di oúnjẹ ẹran gidi. Bí tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ni ó ń di tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ. Tútù rẹ̀ kò ṣeé fún ẹran ní àjẹyó nítorí oró tí ó wà nínú rẹ̀. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra èèpo gbígbẹ lọ́wọ́ ìyá opó. Ohun tí màlúù ń jí jẹ nínú oko rẹ̀ ni ìyá náà wá ń ta fún un.

Bàbá tún ṣe ọgbà. Kò rà wáyà ẹlẹ́gùn-ún, nítorí owó rẹ̀ ti tán nídìí ẹ̀gẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó gé ẹ̀ka àgúnmánìyè, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ súnmọ́ ara wọn, ó sì fi ọparun dè wọ́n ní ìlà mẹ́ta. Igi náà yọ ewé kí oṣù méjì tó pé, ewé rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ ẹran. Ní ìhà tí ó kọjú sí oko ìyá opó, làpálàpá ni ó gbìn, nítorí ẹran kì í jẹ ẹ́. Kò hú pèrègún. Ó wà níbẹ̀ láàrin ọgbà, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí fún àwọn tí ó lè gbọ́ èdè rẹ̀.

Nígbà tí Iléyá dé, ẹgbọrọ náà ti sanra, ọwọ́ ènìyàn sì ti mọ́ ọn lára débi pé alápatà kò nílò ju ẹni méjì lọ láti mú un. Wọ́n gbé ìpín tirẹ̀ lọ fún ìyá opó, wọ́n sì fi omi ẹran gbígbóná ránṣẹ́ sí gáà. Abo màlúù tí wọ́n yá padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó sì pẹ́ kí ó tó dẹ́kun wíwo ẹ̀yìn.

Bàbá náà ṣì máa ń lọ bá baálẹ̀ bí màlúù ẹlòmíràn bá wọ oko. Ẹjọ́ rẹ̀ kò rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, gbogbo ebè ni ó sì máa ń kà, èyí tí ó tu àti èyí tí wọ́n tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dẹ́kun gbólóhùn tí ó fi ń parí rẹ̀. Ìbéèrè ni ó máa ń bi ẹni tí ó ni ẹran nísinsìnyí: "Kí ló já? Okùn ni, àbí ọgbà ni kò sí?" Bí ẹni náà bá dáhùn, bàbá yóò fi ọ̀nà hàn án dé ibi tí àgúnmánìyè wà, yóò sì gé ẹ̀ka mélòó kan fún un kí ó tó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀.